Bí a ṣe ń mọ ọwọ́ ayàwòrán-ilé àti ọwọ́ ẹnjinníà ológun lára ilé ọ̀rúndún kejìdínlógún: láti Mafra dé Rio de Janeiro

Ẹni tó bá dúró níwájú ààfin àti ilé mọ́ńkì Mafra, tí kò jìnnà sí Lisbon ní ilẹ̀ Pọ́túgà, kì í pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà láàárín, sí ilé aago méjì tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀, àti sí òrùlé rìbìtì tó yọ lẹ́yìn wọn. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà sì sábà máa ń dá, ìyẹn João Frederico Ludovice. Bẹ́ẹ̀ ni iwájú ilé náà gùn tó nǹkan bí 220 mítà, yàrá inú rẹ̀ tó nǹkan bí 1,200, ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ sì lé ní 4,700. Kò sí ẹnì kan tó lè dá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayàwòrán-ilé yìí ni àwọn ẹnjinníà ológun wà, àwọn ọ̀gá ṣọ́jà tó ń jẹ owó ọba nítorí odi kíkọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n tún ń wọn ilẹ̀, tí wọ́n ń fa omi, tí wọ́n ń gbé òkúta ńláńlá, tí wọ́n sì ń ṣètò ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́.

Mo kọ ìtọ́nisọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ wo irú ilé bẹ́ẹ̀, fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìtàn ilé kíkọ́, àti fún ẹni tó jókòó sílé tó ń wo àwọn àwòrán àtijọ́ tí àwọn ilé ìkówèésí ìlú Lisbon àti ti Rio de Janeiro ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè nawọ́ sí apá kan lára ilé, kó sì sọ pé ọwọ́ ayàwòrán-ilé ló wà níbí, ọwọ́ ẹnjinníà ológun ló wà lọ́hùn-ún, tàbí pé àwọn méjèèjì ló jọ fọwọ́ kàn án. Ìmọ̀ràn kan ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró: ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé. Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀, ẹ wo omi, ẹ wo ọ̀nà tí òkúta àti òṣìṣẹ́ gbà dé ibẹ̀. Iwájú ilé ni kí ẹ wò gbẹ̀yìn.

Ẹ wádìí ibi tí oníkálukú ti kọ́ṣẹ́

Kí ẹ tó wo ilé, ẹ wá orúkọ àwọn tó ṣe é, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ máa rí lára ògiri ti bẹ̀rẹ̀. Jámánì ni Ludovice, wọ́n bí i ní 1673, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ló sì kọ́. Ní Róòmù, ó bá àwọn àlùfáà Jesuit ṣiṣẹ́ lára pẹpẹ Ignatius Mímọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Gesù, níbi tó ti rí ilé ńláńlá ìlú náà lójoojúmọ́, kó tó dé Lisbon ní nǹkan bí 1700. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ fàdákà kì í fi ojú kékeré wo igun òkúta. Èyí ló fà á tí ọnà ara ṣọ́ọ̀ṣì Mafra, láti ìdí ọ̀wọ́n dé orí rẹ̀, fi ṣe rẹ́gí tó bẹ́ẹ̀ láìka bí ilé náà ṣe tóbi tó.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn ẹnjinníà gbà. Láti 1647 ni ilé ẹ̀kọ́ odi kíkọ́ ti wà ní Lisbon, Luís Serrão Pimentel ló ń darí rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, jiọ́mẹ́tírì, ìṣirò, ilẹ̀ wíwọ̀n àti àwòrán yíyà sì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ogun níbẹ̀. Nígbà tó yá, Manuel de Azevedo Fortes, tó di olórí àwọn ẹnjinníà ọba ní 1719, tẹ ìwé apá méjì kan jáde ní 1728 àti 1729 láti fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa wọn ilẹ̀ àti bí wọ́n ṣe máa kọ́ odi. Ẹni tó bá jáde láti irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè kọ́ odi lónìí, kó kọ́ afárá lọ́la, kó sì ya àwòrán kọ́ńfẹ́ǹtì, ìyẹn ilé àwọn obìnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn, lẹ́yìn náà, nítorí pé ìwọ̀n àti ìṣirò ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ilé ẹ̀sìn tí kò ní ọnà púpọ̀ níta, tí fèrèsé rẹ̀ tò ní ìwọ̀n kan náà, tí igun rẹ̀ sì le koko, ẹ má ṣe yára sọ pé owó ló tán. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnjinníà ló yà á.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún yín nípa Carlos Mardel. Ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì ni, iṣẹ́ ogun ló gbé e dé Pọ́túgà, ó sì di ẹnjinníà àti ayàwòrán-ilé pa pọ̀ débi pé èèyàn ò lè pín iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì. Bí ẹ bá ń fi tipátipá ya oníṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ nínú gbogbo ilé, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ máa tú gbogbo ìpín yín ká.

Bí ẹ ṣe máa ka àwòrán

Bí àwòrán àtijọ́ bá wà, ẹ wo etí rẹ̀ kí ẹ tó wo àárín rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán ayàwòrán-ilé máa ń parí síbi tí ògiri parí sí. Ó bìkítà nípa bí yàrá ṣe tẹ̀ lé yàrá, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe yí àgbàlá ká, àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwòrán ẹnjinníà ológun máa ń rìn jìnnà kọjá ògiri. Ó máa ń fi òkè tó wà lẹ́yìn ilé hàn, ó máa ń fi odò, orísun omi, ojú ọ̀nà àti jíjìnnà sí òkè kejì hàn, nítorí ọ̀tá lè gbé ìbọn àgbá sórí òkè yẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọ̀. Nínú àṣà tí àwọn ẹnjinníà ológun Yúróòpù ń tẹ̀ lé nígbà náà, pupa ni wọ́n sábà máa ń fi kun ògiri òkúta tó ti wà nílẹ̀, wọ́n sì ń fi àwọ̀ ìyeyè kun èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́. Bí ẹ bá rí ilé mọ́ńkì kan tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pupa, tí apá kan lára ilé ìsùn rẹ̀ sì jẹ́ ìyeyè, ẹ ti mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ya àwòrán yẹn, apá kan ti dúró, èkejì ṣì jẹ́ èrò ọkàn. Síbẹ̀, ẹ ka àlàyé tó wà lára àwòrán fúnra rẹ̀ kí ẹ tó gba èyí gbọ́, nítorí oníkálukú lè yí àṣà padà.

Ẹ tún wo òṣùwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ àwòrán. Palmo àti braça ni àwọn ará Pọ́túgà ń lò. Palmo kan tó nǹkan bí 22 sẹ̀ǹtímítà, palmo mẹ́wàá sì jẹ́ braça kan, ìyẹn nǹkan bí mítà 2.2. Ẹ fi òṣùwọ̀n yẹn wọn bí ògiri ṣe nípọn tó. Ògiri tó kàn gbé òrùlé dúró kì í nípọn bí èyí tó ń retí ọta ìbọn àgbá, bí ẹ bá sì rí ògiri ilé ẹ̀sìn tó nípọn kọjá ohun tí òrùlé rẹ̀ béèrè, ìbéèrè yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìparí, ẹ wo orúkọ tí wọ́n fọwọ́ sí àti oyè tó tẹ̀ lé e. Oyè bíi sargento-mor tàbí brigadeiro fi hàn pé ṣọ́jà ló fọwọ́ sí i.

Ní Mafra: ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́

Ọba João Karùn-ún ló jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun máa kọ́ ilé fún àwọn mọ́ńkì ìjọ Francis Mímọ́ bí Ọlọ́run bá fún òun lọ́mọ. Mẹ́tàlá péré ni mọ́ńkì tí wọ́n ní lọ́kàn níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1717, ṣùgbọ́n bí wúrà ṣe ń wọlé láti Minas Gerais ní Bùràsílì, tó wà lábẹ́ Pọ́túgà nígbà náà, ni ọba ń mú iye náà pọ̀ sí i, títí tó fi dé 300, tí ààfin ọba sì yí ṣọ́ọ̀ṣì náà ká. Wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1730, ọjọ́ ìbí ọba, nígbà tí iṣẹ́ tó kù sílẹ̀ lára ilé ṣì pọ̀.

Ẹ fi ọkàn sí ohun tí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ayàwòrán-ilé lè fi líìdì fa ìlà mìíràn sórí bébà kí ilé ìsùn ìlọ́po ogún wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọn ilẹ̀ náà lákọ̀tun, kó mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀, kó wá ọ̀nà tí òmìrán òkúta ẹfun láti agbègbè Pêro Pinheiro máa gbà dé orí òkè, kó sì mọ iye màlúù àti iye èèyàn tó máa fà á. Custódio Vieira, ẹnjinníà ológun, wà lára àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Mafra. Nígbà tí iṣẹ́ gbóná jù, àwọn òpìtàn sọ pé òṣìṣẹ́ lé ní 45,000, ṣọ́jà tó nǹkan bí 7,000 ló sì ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má bàa sá tàbí jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wá tinútinú; ńṣe ni wọ́n kó wọn láti ìlú dé ìlú. Ó yẹ kí ẹni tó ń yìn ilé náà rántí wọn.

Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kọjá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ rìn lọ sí igun ilé níkángun méjèèjì, níbi tí àwọn ilé gogoro oníhà mẹ́rin tó gbórín dúró sí. Ẹ wo ìdí wọn. Ògiri ibẹ̀ kò lọ tààrà sókè. Ìdí rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń fà sẹ́yìn bó ṣe ń gòkè. Ara odi ogun ni irú ògiri bẹ́ẹ̀ ti wá, níbi tó ti ń ti erùpẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì ń mú kí ọta ìbọn àgbá yọ̀ dípò kó wọlé. Ní Mafra, kò sí ọ̀tá tí wọ́n ń retí. Wọ́n fi ìdí odi sábẹ́ ààfin kó lè sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé ilé ọba àti ilé Ọlọ́run lágbára. Ní ti èmi, igun méjì yìí ló kọ́ni ju gbogbo Mafra lọ, àwọn àlejò sì sábà máa ń kọjá wọn láìwò wọ́n.

Ẹ tẹ̀ lé omi

Omi ni ọ̀nà tó dájú jù láti rí ẹnjinníà. Ilé mọ́ńkì kò lè dúró láìsí omi ìdáná, omi ìfọṣọ àti omi oko. Odi agbára tí omi rẹ̀ bá tán ti ṣubú kí ọ̀tá tó yìnbọn. Ẹ béèrè ibi tí omi ti wá, ẹni tó fà á, àti ibi tí wọ́n ń pa á mọ́ sí.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe kedere jù nípa èyí wà ní Lisbon fúnra rẹ̀, lára afárá omi Águas Livres, ìyẹn afárá òkúta tí wọ́n kọ́ kí omi lè gba orí rẹ̀ wọ ìlú. Nígbà tí ọba pàṣẹ iṣẹ́ náà ní 1731, ayàwòrán-ilé ará Ítálì kan, Antonio Canevari, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olórí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò, tí iṣẹ́ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹnjinníà ológun: Manuel da Maia, lẹ́yìn náà Custódio Vieira kan náà tí a ti bá pàdé ní Mafra. Ní àfonífojì Alcântara, ó di dandan kí omi kọjá lókè lórí ọ̀wọ́n àti àáṣì, ìyẹn òkúta tí a tẹ̀ kọrọdọ láti ọ̀wọ́n kan dé èkejì. Márùndínlógójì ni àáṣì tó wà níbẹ̀, lórí gígùn tó nǹkan bí 941 mítà. Èyí tó ga jù nínú wọn ga tó mítà 65.

Ẹ ka àwọn àáṣì náà, ẹ ó sì rí i pé mẹ́rìnlá lára wọn, níbi tí àfonífojì ti jìn jù, ní orí ṣóńṣó, nígbà tí ìyókù rí rìbìtì. Orí ṣóńṣó jẹ́ àṣà àtijọ́ ní Yúróòpù nígbà yẹn, ayàwòrán-ilé tó ń tẹ̀ lé ìgbà kò ní yàn án. Ṣùgbọ́n àáṣì olórí ṣóńṣó kì í ti ọ̀wọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ti rìbìtì. Ó ń darí ẹrù rẹ̀ sísàlẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì fún ọ̀wọ́n gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́. Níbikíbi tí ìrísí ilé bá yí padà lójijì nítorí ohun tí ilẹ̀ béèrè, tí kì í ṣe nítorí ẹwà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá ẹnjinníà. Omi náà dé Lisbon ní 1748, ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1755 tó wó ìdajì ìlú kò sì wó àwọn àáṣì yìí.

Mardel ló gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn ikú Vieira ní 1744. Ẹ wọ inú ilé ìpamọ́ omi tó bẹ̀rẹ̀ ní Amoreiras, kí ẹ sì rí bí ẹni tó ní iṣẹ́ méjèèjì nínú ṣe ń ronú: ògiri tó nípọn tó láti ti omi, síbẹ̀ òrùlé òkúta àti ọ̀wọ́n gíga rẹ̀ mú kó dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì.

Nínú odi agbára, ẹ wá ayàwòrán-ilé

Ní odi, ìbéèrè yí padà. Ọwọ́ ẹnjinníà hàn gbangba níta, nítorí náà inú ni kí ẹ lọ. Odi Graça tó wà lórí òkè létí ìlú Elvas, ní ẹnu ààlà Sípéènì, ló dára jù fún èyí. Lẹ́yìn ogun ọdún 1762, William ti Schaumburg-Lippe, ọ̀gágun ará Jámánì tó darí àwọn ọmọ ogun Pọ́túgà, ní kí wọ́n kọ́ ọ, nítorí ẹni tó bá gba òkè yẹn ti gba Elvas. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1763. Ẹnjinníà Faransé méjì ló ṣe é tẹ̀ léra, Étienne àti Valleré, ó sì parí ní 1792.

Láti òkè, odi náà rí bí ìràwọ̀. Igun mẹ́rin yọ síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní ìwọ̀n tí ìbọn rẹ̀ fi lè bo ìdí èkejì kí ọ̀tá má ríbi sá pamọ́ sí, yàrà tó jìn sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Ìlà ìbọn ló pinnu gbogbo ìlà tí ẹ bá rí níbẹ̀. Ẹ wá wọ àárín rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé gogoro rìbìtì kan wà, ilé ìsìn nísàlẹ̀, ilé gómìnà lókè, pẹ̀lú fèrèsé tó tò dáadáa àti ọnà tí kò wúlò fún ogun rárá. Ilé ìsìn kan fún Màríà, Ìyá Oore-ọ̀fẹ́, ti wà lórí òkè náà kí odi tó dé, òun ló sì fún odi lórúkọ. Bí ẹ bá ń lọ láti yàrà títí dé ilé ìsìn yìí, ẹ fi ojú sílẹ̀ láti mọ ibi tí ìṣirò ìbọn ti dáwọ́ dúró tí ìṣirò ẹwà sì ti gbà á.

Nígbà tó bá jẹ́ ẹnì kan náà: Rio de Janeiro

Ní Bùràsílì, ayàwòrán-ilé ṣọ̀wọ́n, ọba sì ń rán ẹnjinníà ológun síbẹ̀ láti ṣe ohun gbogbo. José Fernandes Pinto Alpoim dé Rio de Janeiro ní nǹkan bí 1738 láti kọ́ àwọn ọmọ ogun ní iṣẹ́ ìbọn àgbá. Ìwé tó kọ fún wọn jáde ní 1744, èkejì sì tẹ̀ lé e ní 1748. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà ló ya ilé gómìnà, tí a mọ̀ sí Paço lónìí, àti kọ́ńfẹ́ǹtì Santa Teresa, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1750 fún àwọn obìnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀. Wọ́n sábà máa ń ka àáṣì Lapa, afárá omi alájà méjì tó ní àáṣì 42, mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ẹ bá ń wo Santa Teresa, ẹ wo bó ṣe jókòó sórí òkè, bí ògiri rẹ̀ ṣe funfun tí kò sì lọ́nà, àti bí omi ṣe wà nítòsí rẹ̀. Ilé tó yẹ kó pa àwọn obìnrin mọ́ kúrò lójú ayé àti odi tó yẹ kó pa ṣọ́jà mọ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tá jọra ju bí èèyàn ṣe rò lọ: ẹnu ọ̀nà díẹ̀, ògiri gíga, omi nínú ilé.

Ọwọ́ kẹta tún wà tí àwòrán kì í fi hàn. Àwọn ẹrú láti Áfíríkà àti àwọn ọmọ onílẹ̀ ló gbé òkúta iṣẹ́ wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrú náà ni wọ́n ń pè ní Mina, orúkọ tí wọ́n fún àwọn tó bá wọkọ̀ láti etíkun tiwa níbí, títí kan Ouidah, níbi tí àwọn ará Pọ́túgà ti kọ́ odi São João Baptista de Ajudá ní 1721. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ àwọn tó ṣe ilé kan sílẹ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún wọn, kódà bí ìwé kò bá dá orúkọ wọn.

Ẹ má sì gbà pé gbogbo ìṣirò ẹnjinníà ló jóòótọ́. Ní erékùṣù Santa Catarina, ní gúúsù Bùràsílì, ẹnjinníà ológun José da Silva Paes kọ́ odi mẹ́ta sẹ́nu ọ̀nà òkun láti 1739, pẹ̀lú èrò pé ìbọn wọn á jọ dí ọ̀nà náà. Omi àárín wọn fẹ̀ ju ibi tí ìbọn ìgbà yẹn lè dé lọ, nígbà tí ọkọ̀ ogun Sípéènì sì dé ní 1777, erékùṣù náà bọ́ sọ́wọ́ wọn láìsí ìjà tó lágbára. Nítorí náà, ẹ máa wọn jíjìnnà láti odi dé odi lórí máàpù fúnra yín, kí ẹ má gbára lé ìlà tí ẹnjinníà fà.

Bí ẹ ṣe máa kọ èsì yín

Ẹ lo ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí ẹ má sì dà wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán tí ẹnìkan fọwọ́ sí, ẹ kọ pé òun ló yà á. Bí ìwé owó tàbí ìwé àdéhùn bá fi hàn pé ó wà níbi iṣẹ́, ẹ kọ pé ó darí iṣẹ́ náà, kódà bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló yàwòrán. Bí kò bá sí nǹkan kan ju pé ìrísí ilé jọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ kọ pé wọ́n kà á mọ́ ọn. Fún ilé bíi Mafra, ẹ ó rí i pé ilé kan ṣoṣo lè nílò ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún apá tó yàtọ̀ síra. Ẹ kọ ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, nítorí Canevari ti ọdún 1731, Vieira tó tẹ̀ lé e àti Mardel ti ọdún 1744 kò bá afárá omi kan náà ní ipò kan náà.